Old Course ti St Andrews

Old Course ti St Andrews jẹ́ pápá gọ́ọ̀fù kan ní etí Òkun Àríwá, ní ìlú St Andrews, ní agbègbè Fife, ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Skọ́tlándì. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni Pápá Àtijọ́. Ó wà lára àwọn pápá gọ́ọ̀fù tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ ní àgbáyé, àwọn ènìyàn sì sábà máa ń pe ìlú náà ní ilé gọ́ọ̀fù. Ihò 18 ni ó wà nínú rẹ̀, iye yìí sì ni ó di ìlànà fún àwọn pápá gọ́ọ̀fù káàkiri ayé.

Ohun méjì ni ó mú kí pápá yìí yàtọ̀. Èkíní ni pé kò sí ẹnì kan tí a lè tọ́ka sí pé òun ni ó kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀. Afẹ́fẹ́, iyanrìn, ẹran ọ̀sìn àti ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ni ó ṣe é ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Èkejì ni pé kì í ṣe ohun ìní ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́rọ̀ kan. Ilẹ̀ ìlú ni. Ìlú náà ti pàdánù ilẹ̀ yìí rí, ó sì gbà á padà. Lónìí, òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ó ń dáàbò bò ó.

Irú ilẹ̀ tí ó jẹ́

Ní èdè àwọn ará Skọ́tlándì, links ni orúkọ ilẹ̀ iyanrìn tí ó wà láàárín òkun àti ilẹ̀ oko. Inú ọ̀rọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan tí ó túmọ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ti ga sókè ni wọ́n ti mú un. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò dára fún ọ̀gbìn, nítorí pé iyanrìn pọ̀ jù nínú rẹ̀, atẹ́gùn oníyọ̀ láti inú òkun sì ń fẹ́ lù ú. Nítorí náà ni àwọn ará ìlú fi ń lò ó fún dída ẹran, fún sísá aṣọ àti fún eré ìdárayá.

Lẹ́yìn tí yìnyín ńlá ayé àtijọ́ ti yọ́, tí òkun sì fà sẹ́yìn, iyanrìn tí omi gbé sílẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kó jọ di òkìtì-òkìtì. Koríko tẹ́ẹ́rẹ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ jinlẹ̀ hù sórí wọn, ó sì di iyanrìn náà mú. Ehoro àti àgùntàn ń jẹ koríko náà, wọ́n sì sọ ọ́ di kúkúrú. Omi òjò kì í dúró lórí irú ilẹ̀ yìí, kíá ni ó ń wọ inú iyanrìn lọ. Ìdí nìyí tí ojú ilẹ̀ náà fi le, tí bọ́ọ̀lù sì máa ń yí lọ jìnnà lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti balẹ̀.

Kòtò iyanrìn 112 ni ó wà lórí pápá náà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ibi tí àwọn àgùntàn ti ń sá pamọ́ fún afẹ́fẹ́ òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀. Àgùntàn a dùbúlẹ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ̀ wọnú, koríko ibẹ̀ a kú, afẹ́fẹ́ a sì máa gbẹ́ iyanrìn tí ó ti ṣí sílẹ̀. Lónìí, ègé koríko pẹ̀lú ilẹ̀ tí ó dì mọ́ ọn ni wọ́n fi ń to ẹ̀gbẹ́ àwọn kòtò náà ní ìpele-ìpele bí ìgbà tí a bá ń mọ ògiri, kí wọn má baà ya lulẹ̀.

Ìtàn

Kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbá gọ́ọ̀fù ní St Andrews. Ohun tí ó dájú ni pé ní ọdún 1457, Ọba James Kejì ti Skọ́tlándì ṣe òfin tí ó ka eré náà léèwọ̀, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fi àkókò tí ó yẹ kí wọ́n fi kọ́ ọfà títa gbá gọ́ọ̀fù. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní ọdún 1471 àti ní ọdún 1491, èyí tí ó fi hàn pé àwọn ènìyàn kò tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1502, Ọba James Kẹrin fúnra rẹ̀ ra ọ̀pá gọ́ọ̀fù.

Ní ọdún 1552, bíṣọ́ọ̀bù àgbà John Hamilton fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan tí ó fún un ní àǹfààní láti sin ehoro sórí ilẹ̀ etí òkun náà. Nínú ìwé yìí kan náà ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará ìlú St Andrews ní ẹ̀tọ́ láti máa ṣeré níbẹ̀, gọ́ọ̀fù sì wà lára àwọn eré tí wọ́n dárúkọ. Lórí ẹ̀tọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà dúró lé.

Ní ọdún 1754, àwọn ọlọ́lá 22 dá ẹgbẹ́ agbágọ́ọ̀fù kan sílẹ̀ ní ìlú náà. Ní ọdún 1834, Ọba William Kẹrin gbà láti jẹ́ alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ yìí, ó sì di Royal and Ancient Golf Club of St Andrews. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ihò 22 ni ẹni tí ó bá lọ tí ó sì bọ̀ yóò gbá. Ní ọdún 1764, wọ́n pinnu pé ihò mẹ́rin àkọ́kọ́ kúrú jù, wọ́n sì sọ wọ́n di méjì. Nítorí pé ihò kan náà ni wọ́n ń gbá ní àlọ àti ní àbọ̀, ihò mẹ́rin ni ó dín lápapọ̀, 18 ni ó sì kù. Bí iye yìí ṣe wáyé nìyẹn.

Ìjà ehoro

Ní ọdún 1797, gbèsè wọ ìgbìmọ̀ ìlú St Andrews lọ́rùn. Wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ etí òkun náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn oníṣòwò tí wọ́n fẹ́ máa sin ehoro lórí rẹ̀ fún títà. Àwọn ehoro náà pọ̀ sí i, wọ́n sì ń gbẹ́ ilẹ̀ káàkiri débi pé gọ́ọ̀fù gbígbá di ohun ìnira. Àwọn agbágọ́ọ̀fù gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́, èdè-àìyedè láàárín wọn àti àwọn olùsin ehoro sì di ìjà gidi lórí pápá. Nǹkan bí ogún ọdún ni wàhálà yìí fi wà nílẹ̀.

Ní ọdún 1821, James Cheape, onílẹ̀ kan ní Strathtyrum nítòsí ìlú náà tí òun pẹ̀lú fẹ́ràn gọ́ọ̀fù, ra ilẹ̀ náà, ó sì yà á sọ́tọ̀ fún eré náà. Ọwọ́ ìdílé rẹ̀ ni ó wà títí ó fi kù díẹ̀ kí ọgọ́rùn-ún ọdún náà parí. Ní ọdún 1894, ìlú gba ilẹ̀ náà padà lábẹ́ òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe. Láti ọdún 1974, àjọ tí òfin mìíràn dá sílẹ̀, St Andrews Links Trust, ni ó ń ṣe àbójútó rẹ̀. Pápá méje ni ó wà lábẹ́ àjọ náà: Old Course, New Course tí wọ́n ṣí ní ọdún 1895, Jubilee ti ọdún 1897, Eden ti ọdún 1914, Strathtyrum, Balgove, àti Castle tí wọ́n ṣí ní ọdún 2008. Pápá tí à ń pè ní tuntun yìí, New Course, ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Tom Morris Àgbà

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ hàn jù lọ lára pápá náà ni Tom Morris, tí wọ́n ń pè ní Tom Àgbà. Wọ́n bí i ní St Andrews ní ọdún 1821, ó sì kú síbẹ̀ ní ọdún 1908. Ó gba ife ẹ̀yẹ Open Championship nígbà mẹ́rin: ní ọdún 1861, 1862, 1864 àti 1867. Nígbà tí ó padà sílé láti Prestwick ní àárín àwọn ọdún 1860, ìtọ́jú pápá ìlú rẹ̀ ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, ó sì ṣe iṣẹ́ náà títí di ọdún 1903.

Tom Àgbà mú kí ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù fẹ̀ sí i, ó ń da iyanrìn sórí koríko kí ó lè hù dáadáa, ó sì ṣe gíríìnì tuntun fún ihò kìíní. Gíríìnì ni ibi tí ó yí ihò ká, tí wọ́n rẹ́ koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá kí bọ́ọ̀lù lè máa yí lórí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Kí ó tó ṣe é, apá òsì ni wọ́n máa ń gbà yí pápá náà ká. Gíríìnì tuntun yìí ni ó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti gba apá ọ̀tún, bí wọ́n ti ń ṣe lónìí.

Ọmọ rẹ̀, Tom Kékeré, gba ife Open ní ọdún 1868, 1869, 1870 àti 1872. Ní ọdún 1875, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ tí ó ń bí lọ́wọ́ kú. Òun náà kú ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún yẹn, ní ẹni ọdún 24. Bàbá rẹ̀ tún tọ́jú pápá náà fún ọdún tí ó lé ní 25 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Bí pápá náà ṣe rí

Pápá náà gùn, kò sì fẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu ìlú, ó na lọ sí ìhà ibi tí odò Eden ti ń wọ inú òkun, ó yí po níbẹ̀, ó sì padà sí ìlú. Àwọn òkìtì iyanrìn àti etíkun gígùn tí wọ́n ń pè ní West Sands ni ó wà láàárín àwọn pápá yìí àti òkun.

Nítorí pé ojú ọ̀nà kan ni àlọ àti àbọ̀ jọ ń lò láyé àtijọ́, ihò méjì-méjì ni ó wà lórí púpọ̀ nínú àwọn gíríìnì rẹ̀ títí di òní. Gíríìnì méje ni ó jẹ́ alájọpín. Bí a bá ro nọ́ńbà ihò méjèèjì tí ó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pọ̀, 18 ni yóò máa jẹ́: ihò 2 wà pẹ̀lú 16, ihò 3 pẹ̀lú 15, títí dé ihò 8 pẹ̀lú 10. Ihò 1, 9, 17 àti 18 nìkan ni ó ní gíríìnì tiwọn. Lórí gíríìnì alájọpín, àsíá funfun ni ti ẹni tí ó ń lọ, àsíá pupa sì ni ti ẹni tí ó ń bọ̀.

Odò kékeré Swilcan ṣàn kọjá níwájú gíríìnì ihò kìíní, ó sì gba ojú ọ̀nà ihò 18 kọjá pẹ̀lú. Afárá òkúta kékeré kan wà lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n gbà pé ó ti lé ní 700 ọdún. Àwọn darandaran ni wọ́n kọ́ ọ fún, kí ẹran wọn lè rí ọ̀nà kọjá. Orí rẹ̀ ni àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbágọ́ọ̀fù máa ń dúró sí láti juwọ́ sí èrò nígbà tí wọ́n bá ń fi ìdíje sílẹ̀, bí Jack Nicklaus ti ṣe ní ọdún 2005.

Bí wọ́n ṣe ń gbá a

Nínú gọ́ọ̀fù, ìgbá ni à ń kà, ìyẹn iye ìgbà tí ẹnì kan fi ọ̀pá lu bọ́ọ̀lù kí ó tó wọ ihò. Ẹni tí ìgbá rẹ̀ bá kéré jù ni ó borí. Ìgbá 72 ni wọ́n retí pé kí ọ̀jáfáfá lò ní Old Course. Ihò 8 àti 11 gba ìgbá mẹ́ta, ihò 5 àti 14 gba márùn-ún, àwọn 14 yòókù sì gba mẹ́rin-mẹ́rin.

Afẹ́fẹ́ ni ẹni tí ó fẹ́ gbá pápá yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kíyè sí. Kò sí igi ńlá tí yóò dí i lọ́nà. Ní ọjọ́ mìíràn, afẹ́fẹ́ a máa ti bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ní àlọ, a sì máa kọjú sí i ní àbọ̀, ó sì lè yí padà kí ènìyàn tó dé ìdajì ọ̀nà. Ihò tí ọ̀pá kékeré tó fún ní òwúrọ̀ lè béèrè fún ọ̀pá tí ó tóbi jù lọ nínú àpò ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, àwọn tí ó mọ pápá náà kì í sábà gbé bọ́ọ̀lù sókè jù. Wọ́n á lù ú kí ó lọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ó balẹ̀ kí ó tó dé gíríìnì, kí ó sì yí lọ bá ihò. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti bọ́ọ̀lù wọ ihò ni wọ́n tilẹ̀ máa ń lò nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà ní ìta gíríìnì.

Ohun kejì ni ojú ilẹ̀. Ilẹ̀ náà kò tẹ́jú, ó rí gúlegùle bí ìgbì òkun tí ó dúró sójú kan, bọ́ọ̀lù tí a lù dáadáa sì lè ta bàrá kí ó yà sí ibi tí a kò rò. Púpọ̀ nínú àwọn kòtò iyanrìn kò hàn sí ẹni tí ó dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ihò. Ìdí kan ni pé láti ìhà kejì ni àwọn ará àtijọ́ ti ń wá bá wọn. Ní àlọ, igbó ẹlẹ́gùn-ún wà ní apá ọ̀tún, àyè sì pọ̀ ní apá òsì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sá lọ sí apá òsì nítorí ìbẹ̀rù sábà máa ń rí i pé ìgbá tí ó kàn ti le fún un, nítorí pé kòtò tàbí òkìtì ti wà láàárín òun àti àsíá. Àyè wà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá láti yí pápá náà ká láìsọ bọ́ọ̀lù nù, síbẹ̀ ọ̀jáfáfá gbọ́dọ̀ ronú kí ó tó gbé ọ̀pá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ fi máa ń padà wá fẹ́ràn rẹ̀.

Bobby Jones ọmọ Amẹ́ríkà jẹ́ àpẹẹrẹ èyí. Ní ọdún 1921, nígbà tí ó jẹ́ ọ̀dọ́, ó kó sínú kòtò iyanrìn ní ihò 11, inú bí i, kò sì parí ihò náà. Bí ó ṣe jáde kúrò nínú ìdíje nìyẹn. Nígbà tí ó yá, ó kọ́ bí a ti ń gbá pápá náà, ó gba ife Open níbẹ̀ ní ọdún 1927, ó sì gba ti Amateur Championship níbẹ̀ kan náà ní ọdún 1930. Ní ọdún 1958, ìlú St Andrews fi í jẹ ọmọ ìlú onípò ọlá. Benjamin Franklin nìkan ni ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ti gba irú ọlá bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1759.

Àwọn ibi tí ó le

Ní ihò 14 ni kòtò ńlá tí wọ́n ń pè ní Hell wà, ìyẹn ọ̀run àpáàdì. Ní ọdún 1995, Jack Nicklaus tí ó ti gba ife Open nígbà méjì ní pápá yìí, ní ọdún 1970 àti 1978, kó sínú rẹ̀, ìgbá mẹ́wàá ni ó sì lò ní ihò náà.

Ihò 17, tí wọ́n ń pè ní Road Hole, ni wọ́n kà sí èyí tí ó le jù lọ. Ìgbá àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gba orí igun ilé ìtura kan kọjá, níbi tí àgọ́ ọkọ̀ ojú irin ti wà tẹ́lẹ̀. Gíríìnì rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Kòtò kékeré jíjìn kan wà níwájú rẹ̀, ọ̀nà àti ògiri òkúta sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá sá fún kòtò lè bá ara rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ní ọdún 1978, Tommy Nakajima ọmọ Japan ti dé orí gíríìnì ní ìgbá méjì péré, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ti bọ́ọ̀lù lọ sí ihò, ó yí bọ́ sínú kòtò náà. Ìgbá mẹ́sàn-án ni ó lò kí ó tó parí.

Ihò 18 padà sí àárín ìlú. Ilẹ̀ tí ó tẹ̀ wọnú níwájú gíríìnì rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Àfonífojì Ẹ̀ṣẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni Costantino Rocca ọmọ Ítálì ti ti bọ́ọ̀lù wọ ihò ní ọdún 1995, tí òun àti John Daly fi di ọgbọọgba. Daly ni ó borí nígbà tí wọ́n tún gbá ihò mẹ́rin sí i.

Àwọn ìdíje

Ìdíje Open Championship bẹ̀rẹ̀ ní Prestwick ní ọdún 1860, ó sì kọ́kọ́ dé St Andrews ní ọdún 1873. Títí di ọdún 2022, nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje náà ní ìgbà 150, ó ti wáyé ní Old Course nígbà 30, iye tí kò sí pápá mìíràn tí ó tó o. Cameron Smith ọmọ Ọsirélíà ni ó borí ní ọdún náà pẹ̀lú ìgbá 268. Ní ọdún 2000, Tiger Woods fi ìgbá mẹ́jọ borí ẹni tí ó tẹ̀ lé e, láìkó sínú kòtò iyanrìn kan ṣoṣo ní ọjọ́ mẹ́rin. Ó tún borí níbẹ̀ ní ọdún 2005.

Ìdíje Open ti àwọn obìnrin kọ́kọ́ wáyé ní pápá náà ní ọdún 2007, Lorena Ochoa ọmọ Mẹ́síkò sì ni ó borí. Stacy Lewis borí níbẹ̀ ní ọdún 2013, Lydia Ko sì borí ní ọdún 2024. Àwọn obìnrin ìlú náà ti ní ẹgbẹ́ tiwọn láti ọdún 1867, èyí tí pápá kékeré rẹ̀ gba orúkọ Himalayas nítorí bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe kún fún òkè àti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 2014 ni ẹgbẹ́ Royal and Ancient tó gbà kí obìnrin di ọmọ ẹgbẹ́.

Ilẹ̀ gbogbo ìlú

Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ gọ́ọ̀fù gbá dé ìwọ̀n tí àjọ náà là sílẹ̀ lè béèrè láti gbá Old Course, yálà ará ìlú ni tàbí àlejò. Nítorí pé àwọn tí ó ń béèrè pọ̀ ju àyè lọ, kèké ni wọ́n máa ń ṣẹ́ láti mọ ẹni tí yóò gbá ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Owó tí ará ìlú ń san fún ọdún kan kéré púpọ̀ sí èyí tí àlejò yóò san bí ó bá gbá a lemọ́lemọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, wọn kì í gbá gọ́ọ̀fù lórí rẹ̀, àfi ní ìgbà ìdíje ńlá díẹ̀. Ní ọjọ́ náà, pápá yìí di ibi ìgbafẹ́: àwọn ọmọdé a máa sáré lórí rẹ̀, àwọn àgbà a máa mú ajá wọn rìn. Koríko náà pẹ̀lú a sì rí ìsinmi. Ọ̀nà gbogboògbò kan, Grannie Clark's Wynd, gba àárín ihò 1 àti 18 kọjá lọ sí etíkun, àwọn agbágọ́ọ̀fù sì máa ń dúró kí ẹlẹ́sẹ̀ kọjá kí wọ́n tó lu bọ́ọ̀lù.

Ewu tí ó kù fún ilẹ̀ náà lónìí ń bọ̀ láti inú òkun. Iyanrìn tí afẹ́fẹ́ kó jọ ni pápá náà, omi sì lè kó o lọ. Bí ìjì bá jà nígbà tí omi òkun kún, ìgbì a máa jẹ ẹsẹ̀ àwọn òkìtì iyanrìn tí ó wà ní West Sands. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kó iyanrìn padà sí ibi tí òkun ti jẹ, tí wọ́n sì ń gbin koríko etí òkun sórí rẹ̀ kí gbòǹgbò rẹ̀ lè dì í mú, gẹ́gẹ́ bí koríko ti ṣe nígbà tí ilẹ̀ náà kọ́kọ́ di ilẹ̀.